Gbé Ẹsẹ̀ Òsì

Ẹsẹ̀ ìyálé rẹ̀ ni Nùsíràt tẹjú mọ́. Kò wo igi, kò wo ẹyẹ, kò wo omi tó ń hó yàà nísàlẹ̀ ọ̀nà. Bàtà kẹ́ńbáàsì funfun méjì tó ń lọ níwájú rẹ̀ nìkan ló ń wò, bí ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Ó ti múra sílẹ̀. Bí ẹsẹ̀ òsì bá yọ̀, ọwọ́ ni yóò fi gbá a mú. Bí ti ọ̀tún bá yọ̀, yóò fi àyà gbà á. Ìyá Fùwàd ti pé ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀nà òkè náà sì nàró bí àkàbà.

Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà kò yọ̀. Wọ́n ń tẹ gbòǹgbò, wọ́n ń tẹ òkúta, wọ́n ń tẹ ẹrọ̀fọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìdúró, bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń lọ bu omi mu nínú ilé ara rẹ̀. Nígbà tó yá, Nùsíràt gbọ́ tí ẹnì kan ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó kọ́kọ́ rò pé ìyálé òun ni. Ó tẹ́tí sí i dáadáa. Òun fúnra rẹ̀ ni.

"Nùsí, ṣé kí n dúró dè ọ́?" Ìyá Fùwàd bèèrè láì bojú wẹ̀yìn.

"Rárá o, ìyálé mi. Ẹ máa lọ. Mo wà lẹ́yìn yín."

"Mo ń gbọ́ ọ."

Mọ́kànlá ni wọ́n, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn lójú ọ̀nà tóóró náà bí ìjàlọ. Alphonse ló wà níwájú pẹ̀lú àdá rẹ̀. Àgbẹ̀ kọfí ni, ní abúlé tó wà nísàlẹ̀ òkè. Lópin ọ̀sẹ̀, a máa mú àlejò wọ inú àfonífojì náà. Jacqueline ló tẹ̀lé e, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, obìnrin gíga kan tí ohùn rẹ̀ tó ti ẹni mẹ́ta. Òun ló dá ẹgbẹ́ arìnrìn sílẹ̀ ní Ndogbong, àdúgbò wọn ní Douala. Láràárọ̀, kí takisí tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè, wọn a rìn yí àdúgbò ká. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, wọn a háyà bọ́ọ̀sì, wọn a jáde nílùú. Ìyá Fùwàd ti wà lára wọn láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, láti ìgbà tí dókítà ti ní bí kò bá rìn, oògùn nìkan kò ní gbà á. Ti Nùsíràt, òní ni àkọ́kọ́.

Wọ́n kírun àsùbáà tán ni wọ́n wọ bọ́ọ̀sì. Wọ́n kọjá oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó lọ salalu lọ́tùn-ún lósì, wọ́n dúró ní Penja, wọ́n ra ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Oòrùn ti ń ta sára kí wọ́n tó dé Nkongsamba, níbi tí wọ́n ti yà kúrò lójú títì gba ọ̀nà abúlé. Ní gbogbo ìgbà náà, Nùsíràt kò tíì rí ọ̀rọ̀ tó gbé wá sọ.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti wà lẹ́nu rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mùktárù káfíńtà, tí ìyàwó rẹ̀ kú lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ. Kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù aṣọ wọn ní Marché Central lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Ìyá Fùwàd lọ kírun, ó dúró, ó ṣí fìlà, ó sọ ọ́, ó sì lọ. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Nùsíràt kò rí àléébù kan lára rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé Mùktárù ń kó lọ sí Kribi létí òkun ní ìparí oṣù, nítorí iṣẹ́ tó ti rí síbẹ̀. Bí Nùsíràt bá gbà, yóò bá a lọ. Husnah, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ti wà ní yunifásítì ní Yaoundé. Fùwàd, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyálé bí, ti di ará Kánádà. Àlàájì Mùhúdíìnì tó fẹ́ àwọn méjèèjì ti wà lábẹ́ ilẹ̀ láti ọdún mẹ́ta. Ta ni yóò wá kù nínú ilé? Ìyálé nìkan, àti àga mẹ́fà.

Ọ̀la ni Mùktárù ń retí èsì.

Nígbà tí Ìyá Fùwàd yọjú sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, ohun tí kì í ṣe, tó ní, "Sátidé, a ó lọ sórí òkè. Wá bàtà tó dúró," Nùsíràt bèèrè pé, "Àwa méjèèjì?"

"Ṣé o rí ẹlòmíì níbí?"

Kò sọ ìdí rẹ̀. Nùsíràt ló wá ìdí rẹ̀ fúnra rẹ̀: ara àgbà ti ń rẹ̀, ó ń fẹ́ ẹni tí yóò máa dì í mú. Ó sì rò ó pé Ọlọ́run ló ṣí ọ̀nà. Lójú ọ̀nà òkè tí ẹlòmíràn kò gbọ́ Yorùbá, yóò sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀.

Ọdún méjìlélógún ni wọ́n ti jọ ń gbé, wọn kò jà rí. Àwọn ará Ìwó tó wà ní Douala a máa fi wọ́n bá àwọn ìyàwó ilé wọn wí: ẹ wo ilé Mùhúdíìnì, ṣé ẹ gbọ́ ariwo níbẹ̀ rí? Ṣùgbọ́n Nùsíràt mọ̀ pé àìjà kì í ṣe ìfẹ́. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kan ra, bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn méjèèjì ṣe ń fò lábẹ́ òrùlé kan. Ẹ káàárọ̀, ẹ káalẹ́. Ata ti tán. Onílé ń bọ̀ lọ́la. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni nígbà tí wọ́n mú un wá láti Ìwó. Ìyálé bu omi tútù fún un mu, ó fi yàrá rẹ̀ hàn án, ó yí padà, ó lọ. Láti ọjọ́ náà ni Nùsíràt ti gbà pé obìnrin yìí ń gbé òun bí ẹni gbé ẹrù ẹlẹ́rù: kò ní jẹ́ kó já, kò sì ní tú u wò.

Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, ọ̀nà náà ṣẹ́rí sọ́tùn-ún, igi tán lójijì, Alphonse sì dúró.

"Voilà," ó ní. Ó na àdá rẹ̀ síwájú pé kí wọ́n wò ó.

Nùsíràt gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀. Òkè pín sí méjì níwájú wọn, bí ìgbà tí oníṣọ́ọ̀bù fi ọwọ́ méjèèjì di aṣọ mú, tó sì fà á ya láti òkè délẹ̀. Ògiri àpáta dìde lápá ọ̀tún, òmíràn dìde lápá òsì, dúdú, tútù, ó ga dé ibi tí ọrùn kò ti lè gbé ojú dé mọ́. Gbogbo ara wọn kún fún ewé àti gbòǹgbò, àti òdòdó pupa wẹ́wẹ́ tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Omi ń já láti orí wọn níhìn-ín lọ́hùn-ún, bí ọ̀ṣọ̀rọ̀ òrùlé lẹ́yìn òjò, bẹ́ẹ̀ òjò kò rọ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, odò ń bú láàárín òkúta tó tó ilé, ó ń hó funfun bí ọṣẹ. Oòrùn kò lè wọlé tán. Ìwọ̀nba tó ráyè wọlé gba inú kùrukùru kọjá, ó sì yọ òṣùmàrè kékeré kan sí ara ògiri, ọ̀kan ṣoṣo, tó ń parẹ́ tó sì ń padà. Àtíòro méjì fò kọjá lókè, ìyẹ́ wọn ń dún fọ̀ọ̀ fọ̀ọ̀. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọdé lóko bàbá rẹ̀ ló ti gbọ́ ohùn ìyẹ́ ẹyẹ náà kẹ́yìn.

"Sùbúhánálláhì," ó wí, ohùn rẹ̀ kò jáde tán.

Ìyá Fùwàd yíjú sí i kíá. Nùsíràt rò pé òun ti ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin náà kàn ń wo ojú rẹ̀, ó ń wò ó gidigidi, bí ẹni tó gbé oúnjẹ síwájú àlejò tó sì ń dúró kí òkèlè àkọ́kọ́ dé ẹnu.

"O rí i?"

"Mo rí i, ìyálé mi."

"Ẹ̀ẹ̀n." Ó yí padà, ó sì ń bá ọ̀nà lọ.

Láti ibẹ̀ lọ, Nùsíràt kò lè fojú sí ibòmíràn ju ara obìnrin náà lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí kó má baà ṣubú mọ́. Ní ṣọ́ọ̀bù, orí àga kan náà ni Ìyá Fùwàd máa ń wà láti àárọ̀ dalẹ́. Ìka ló fi ń tọ́ka sí aṣọ, ojú ló fi ń kọ owó. Àṣé obìnrin yìí lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ báyìí, kí ó fi àtẹ́lẹwọ́ bomi odò mu! Àṣé ó lè fi Pidgin bá Alphonse ṣàwàdà, pé àdá rẹ̀ ti kú, kó lọ sin ín, kí gbogbo èèyàn sì bú sẹ́rìn-ín! Bí ó bá dé ibi tí ọ̀nà ti gun, a fi ọwọ́ gbá àpáta náà pẹ́pẹ́, bí ẹni tó ń kí ọ̀rẹ́ rẹ̀, kó tó gbé ẹsẹ̀ lé e. Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, ọmọdé kò lè rí i bó gun igi, gbogbo ayé ló gbọ́ ìyẹn. Àgbà tó wá fi ìjókòó sílẹ̀, tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun òkè ńkọ́, kí ló kù tí kò ní rí?

Nùsíràt yára, ó bá a.

"Ìyálé mi, mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ sọ."

"Wo ibi tí ò ń tẹ̀ ná."

Ó wo ibi tó ń tẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà tún wọlé padà.

Wọ́n rìn bíi wákàtí kan sí i, ilẹ̀ sì tán lábẹ́ ọ̀nà. Ohun tó kù kò ju etí àpáta kan lọ, tó yọ jáde lára ògiri. Ó gùn tó ogójì ìṣísẹ̀, ó fẹ̀ débi tí ẹnì kan lè gbà kọjá, kò sì fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ará abúlé ti kan okùn wáyà mọ́ ara ògiri náà kí èèyàn lè rí nǹkan dì mú. Lápá kejì, afẹ́fẹ́ ni, àti ariwo odò tó jìn sísàlẹ̀. Alphonse kọjá. Jacqueline kọjá, ó ń kọrin. Ìyá Fùwàd fi ọwọ́ kan ká etí aṣọ rẹ̀ sókè, ó fi èkejì di okùn, ó kọjá bí ẹni ń kọjá gọ́tà.

Ó kan Nùsíràt. Ó ka ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Ó ka méjìlá. Ní ìkẹẹ̀ẹ́dógún, òkúta kékeré kan ṣí kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà rẹ̀, Nùsíràt sì fi ojú sìn ín lọ. Òkúta náà pẹ́ púpọ̀ kó tó dé ìsàlẹ̀.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kọ̀. Kì í ṣe pé wọ́n ń gbọ̀n. Wọ́n kàn kọ̀ ni, bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń fà lọ sínú omi. Ó fi ẹ̀yìn lẹ̀ mọ́ ògiri. Ó gbọ́ tí Alphonse ń kígbe pé, "Doucement, Mama! Ashia! No fear!" pé kó rọra, pé pẹ̀lẹ́, kó má bẹ̀rù. Ó gbọ́ tí Jacqueline náà ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n èdè Faransé tó ti ń sọ fún ogún ọdún ti sá kúrò lórí rẹ̀. Alphonse fẹ́ padà wá mú un. Ìyá Fùwàd na ọwọ́ sí i pé kó dúró, òun fúnra rẹ̀ sì tún gorí etí àpáta náà padà.

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Nùsíràt, kò fà á. Ó kàn dúró tì í, ó dì í mú ní ọrùn ọwọ́.

"Má wo ìsàlẹ̀. Ojú mi ni kí o wò."

Nùsíràt wò ó. Kò dá a lójú pé òun ti wo ojú náà tààrà bẹ́ẹ̀ rí. Ìyàwó kì í wo ìyálé lójú. Ó rí i pé ọjọ́ orí ti fi òrùka eléérú kékeré yí ẹyinjú rẹ̀ ká. Ó rí àpá kan lábẹ́ ìpéǹpéjú, tí kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

"Ibí yìí ni mo jókòó sí," ni Ìyá Fùwàd wí, jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ìdúró wọn níbẹ̀ kì í ṣe nǹkan kan. "Nígbà àkọ́kọ́ tí mo wá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ aṣọ opó. Mo jókòó, mo sunkún, mo ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀ kí wọ́n máa lọ. Jacqueline ló padà wá mú mi."

"Ẹ sunkún?"

"Ṣé n kì í ṣe èèyàn ni?"

Nùsíràt rántí ọjọ́ tí Àlàájì kú. Òun ń ké, wọ́n ń rọ̀ ọ́, ó ń ké. Ìyálé jókòó lórí ẹní fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ó ń dáhùn ìkíni, ojú rẹ̀ gbẹ táútáú. Lọ́jọ́ náà ni Nùsíràt ti sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé òkúta ni wọ́n fi ṣe àyà obìnrin yìí. Kò ronú kan pé ẹnì kan lè lọ wá òkúta tó ga tó èyí, kó tó rí ibi tí yóò ti sunkún.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Nùsíràt kò mọ ìgbà tí tirẹ̀ bọ́.

"Mùktárù ní òun fẹ́ fẹ́ mi."

Odò ń bú. Ìyá Fùwàd kò ṣẹ́jú.

"Káfíńtà?"

"Káfíńtà, ìyálé mi."

"Gbé ẹsẹ̀ òsì."

Ó gbé e.

"Gbé e kalẹ̀. Ó dáa. Kí lo wá sọ fún un?"

"Mi ò tíì sọ nǹkan kan. Mo ní kí n kọ́kọ́ sọ fún yín."

"Gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Má fi okùn sílẹ̀."

"Kribi ló ń kó lọ. Ní ìparí oṣù. Ó fẹ́ kí n bá òun lọ."

Ọwọ́ tó wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀ fún un lójijì, ó fún un débi pé ó dùn ún, lẹ́yìn náà ó dẹ̀.

"Ẹsẹ̀ òsì," ni Ìyá Fùwàd wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà díẹ̀. "Òsì ni mo wí, Nùsí. Ọ̀tún nìyẹn."

Báyìí ni wọ́n ṣe kọjá, ọ̀rọ̀ kan, ìṣísẹ̀ kan, títí tí ilẹ̀ tó fẹ̀ fi dé abẹ́ ẹsẹ̀ wọn, tí àwọn yòókù sì pàtẹ́wọ́. Jacqueline gbá Nùsíràt mọ́ra. Nígbà tí yóò fi bọ́ kúrò lápá obìnrin náà, ìyálé rẹ̀ ti lọ jìnnà. Kò bojú wẹ̀yìn. Ìka márùn-ún rẹ̀ ṣì hàn lọ́rùn ọwọ́ Nùsíràt.

Ibi tí àfonífojì náà parí sí ni ó lẹ́wà jù. Ògiri méjèèjì súnmọ́ ara wọn, wọ́n pàdé, láti ibi tí wọ́n ti pàdé ni gbogbo omi òkè náà sì ti ń já bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń bọ̀ láti òkè réré bí aṣọ funfun tí kò lópin, tí ẹnì kan dúró sókè tó ń tú u kalẹ̀. Kò ṣeé sọ̀rọ̀ níbẹ̀ àfi kí èèyàn pariwo. Ilẹ̀ ń mì tìtì. Adágún tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ mọ́ gaara débi pé a lè ka òkúta inú rẹ̀, labalábá sì kún etí omi, aláwọ̀ iyeyè, aláwọ̀ aró, wọn kò sá fún ẹnikẹ́ni. Ọkàn Nùsíràt kò balẹ̀ rárá. Síbẹ̀ ẹwà náà kò dúró kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ kó tó wọlé. Ó dúró, ìrì omi ń fọ́n sí i lójú, ó rí i pé òun ń rẹ́rìn-ín láì mọ̀ọ́mọ̀.

Wọ́n fà sẹ́yìn síbi tí ariwo ti dínkù. Wọ́n tú miondo, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n wé sínú ewé. Wọ́n fi jẹ ẹja yíyan. Wọ́n gé ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Ìyá Fùwàd jẹun pẹ̀lú Jacqueline. Kò wo apá ibi tí Nùsíràt wà. Nígbà tó jẹun tán, ó lọ sétí odò, ó ṣe àlùwàlá, ó tẹ́ aṣọ rẹ̀ sórí òkúta pẹrẹsẹ kan. Nùsíràt náà ṣe àlùwàlá tirẹ̀, ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń wá ibi tó mọ́ tí òun lè dúró sí. Nílé, oníkálukú ló ń kírun nínú yàrá tirẹ̀.

"Wá síbí," ni Ìyá Fùwàd wí. "Ó gba ẹni méjì."

Wọ́n kírun ọ̀sán pọ̀, wọ́n gé e kúrú bíi ti arìnrìn-àjò, èjìká wọn ń kan ara wọn nígbàkígbà tí wọ́n bá dìde. Nígbà tí wọ́n sálámà tán, ìyálé kò dìde. Ó nawọ́ sí omi tó ń já lókèèrè.

"Ẹ̀ẹ̀karùn-ún mi nìyí níbí," ó ní. "Bí mo bá délé, ẹnu a máa yún mi láti sọ ọ́. Fùwàd lórí fóònù, 'Màmi, ẹ ṣọ́ra, ẹ má ṣubú,' ibi tó mọ̀ mọ nìyẹn. Mo wá máa ń ní màá sọ fún ọ nígbà oúnjẹ alẹ́. Màá lanu. Wàá ní, 'Ẹ kú ìrìn, ìyálé mi, ṣé kí n bu ọbẹ̀ sí i?' Màá ní, bu ọbẹ̀ sí i."

Nùsíràt fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò lè rẹ́rìn-ín.

"Kí ló dé tí ẹ ò kàn sọ ọ́?"

Obìnrin náà ń fi ìka ká etí aṣọ tí wọ́n jókòó lé.

"Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀."

Nùsíràt kò rántí ìgbà tí ìyálé rẹ̀ ti sọ ọ̀rọ̀ tó gùn tó báyìí rí. Nǹkan kan tó ti gbàgbé ló sì wá sọ́kàn rẹ̀. Nígbà tó bí Husnah, fún ogójì ọjọ́, bí ó bá ti ṣí ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ lówùúrọ̀, yóò bá omi gbígbóná nínú báàfù lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti fi ewé sí i, wọ́n ti fi àwo bò ó. Kò bá ẹnì kankan níbẹ̀ rí. Ó mọ ẹni tó ń gbé e síbẹ̀, ó sì gbà pé nítorí ẹnu ayé ni, pé ìyálé rere ló ń ṣe. Ogójì òwúrọ̀ ni ẹnì kan fi dúró lẹ́nu ọ̀nà òun, tí kò kan ilẹ̀kùn. Ó ti pe ìtìjú ní ìgbéraga fún ọdún méjìlélógún.

"Ẹ foríjì mí," ó ní. "Ẹ̀yin nìkan ni mo fẹ́ fi sílẹ̀ nínú ilé."

"Ọkùnrin náà," ni Ìyá Fùwàd wí, bí ẹni pé kò gbọ́, "ṣé ó máa ń rẹ́rìn-ín?"

"Mùktárù? Ó máa ń rẹ́rìn-ín o. Nǹkan kékeré báyìí, á rẹ́rìn-ín."

"Ìyẹn dáa. Àlàájì kì í rẹ́rìn-ín. Kí Ọlọ́run forí jìn ín, èèyàn rere ni, ṣùgbọ́n kì í rẹ́rìn-ín."

Wọ́n wo ara wọn. Nùsíràt ló kọ́kọ́ bú, lẹ́yìn náà ìyálé rẹ̀, ẹ̀rín tí wọ́n ti jẹ ara wọn ní gbèsè fún ọdún méjìlélógún, wọ́n rín in títí tí Jacqueline fi yíjú láti òkèèrè láti wo ohun tó ṣe àwọn ará Nàìjíríà.

"Sọ fún un kó wá kí mi," ni Ìyá Fùwàd wí nígbà tó nu ojú tán. "Kó gbọn ìyẹ̀fun pákó kúrò lára kó tó wá. Màá sọ fún Alfa Abdulbaqi ní mọ́ṣáláṣí kó pe ẹ̀gbọ́n rẹ ní Ìwó. A ò ní jẹ́ kí o gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Ẹnu ọ̀nà la ó gbà."

"Ẹ̀yin wá ńkọ́?"

"Ilé máa dákẹ́," ó ní. "Mi ò ní purọ́ fún ọ. Ó máa dákẹ́ gan-an." Ó dìde, ó ká aṣọ náà, ó gbọ̀n ọ́n.

Ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà sọ̀ kalẹ̀, ó gba inú oko kọfí kọjá. Òórùn ilẹ̀ tútù àti ewé gbẹ kún inú afẹ́fẹ́. Ibẹ̀ ni Nùsíràt ti rí i pé gígun òkè kọ́ ló ń dààmú ìyálé rẹ̀, sísọ̀ ni. Eékún rẹ̀ ń dùn ún. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kò sì bèèrè. Ó kàn gbé ọwọ́ lé èjìká Nùsíràt láti ẹ̀yìn, ó sì fi ara tì í. Ó wúwo ju bí Nùsíràt ṣe rò lọ. Wọ́n ń lọ díẹ̀díẹ̀. Àwọn yòókù ń kọjá lára wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kí wọn pé ashia, ashia, títí tí ó fi ku àwọn méjèèjì sẹ́yìn. Nùsíràt rí i pé òun lè yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, pé ó rọrùn fún ẹsẹ̀ òun báyìí. Kò yára. Ó tún dín ìrìn rẹ̀ kù.

Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tí bọ́ọ̀sì kọjá Loum. Àwọn tó kù nínú ọkọ̀ ti ń sùn, Jacqueline pàápàá ti dákẹ́. Ìyá Fùwàd wà lẹ́bàá fèrèsé, ó ti bọ́ bàtà, ó gbé ẹsẹ̀ lé báàgì. Nùsíràt rò pé òun náà ti sùn.

"Nùsí."

"Ìyálé mi."

"Kribi yẹn. Ṣé òkè wà níbẹ̀?"

"Kò sí òkè níbẹ̀. Òkun ni." Ó rò ó díẹ̀. "Ṣùgbọ́n Mùktárù ní omi kan wà nítòsí ibẹ̀ tó ń ti orí àpáta já sínú òkun tààrà."

"Sínú òkun?"

"Bẹ́ẹ̀ ló wí."

Ìyá Fùwàd wo ìta. Oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń sáré kọjá, ewé wọn ń tàn nínú oòrùn ìrọ̀lẹ́. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí báàgì, ó jókòó dáadáa.

"Ọkọ̀ wo ni wọ́n ń wọ̀ débẹ̀?"

Nùsíràt ti fẹ́ dárúkọ ibùdókọ̀, kó sì dákẹ́. Ó wo ojú tó yí sí i, ojú tí òun ti mọ̀ báyìí, ó sì rí i pé obìnrin náà ti múra láti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó sún mọ́ ọn lórí ìjókòó, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́.